Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá wọn wọ agbo òrìṣà obìnrin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tísà Adó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ fún màmá mi títí tó fi máa yé èmi alára.

Ọmọ Ìgílándì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fẹ́ra, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti wà lọ́dọ̀ wa ní Adó. Lálẹ́ àná tí èmi àti òun jọ ń ṣa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló sọ fún mi pé òun kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní pagan ni òun, òrìṣà obìnrin ni òun ń sìn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ sì jẹ́ ọjọ́ ọdún fún wọn. Lammas ni wọ́n ń pe ọdún náà. Wọ́n fẹ́ ṣe é ní àgbàlá ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ó sì fẹ́ kí n wà níbẹ̀. Ó tún béèrè bóyá mo lè mú wọn lọ sí orísun Ọ̀ṣun ní Ìgèdè, kí wọ́n lọ pe Ọ̀ṣun níbẹ̀.

Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí. N kò fẹ́ dójú tì í, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí màá kábàámọ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú agbo yẹn gan-an? Ṣé wọ́n á ní kí n bọ́ra? Ṣé wọ́n á ní kí n búra? Bí ara mi bá kọ̀ ọ́ láàárín, ṣé mo lè jáde? Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Mo ti wọ irú agbo bẹ́ẹ̀ rí, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní Ìgílándì kí n tó padà wálé, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ mú mi lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀sìn tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí bí òrìṣà ìdílé tiwa, tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerald Gardner, tó ti ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Malaya kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbé Wicca, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn pagan yìí, jáde sí gbangba lẹ́yìn ọdún 1951 tí ìjọba wọn fagi lé òfin ọdún 1735 lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe nínú ọdún kan, ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n sì to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ bó ṣe wà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ayébáyé. Lammas tí ìyàwó yín dárúkọ yìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ máa ń fi àlìkámà tuntun ṣe búrẹ́dì, wọ́n á gbé e lọ sílé Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n bù kún un. Ní 1971, àwọn obìnrin kan ní Los Angeles dá agbo tiwọn sílẹ̀, obìnrin nìkan, òrìṣà obìnrin nìkan, irú agbo bẹ́ẹ̀ sì ti ràn káàkiri. Láti 1996 ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ rẹ̀ ní Glastonbury, ìlú kan ní Ìgílándì, ní àsìkò Lammas yìí náà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Ìgílándì àti Wales ní 2021, nǹkan bí 74,000 ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé pagan ni àwọn. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Wọn kò ní póòpù, wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù, agbo kan kì í sì í jọ èkejì. Nítorí náà má ṣe béèrè pé kí ni àwọn pagan máa ń ṣe. Jókòó ti ìyàwó yín, kí o béèrè pé: ẹ̀yin mẹ́ta yìí, kí lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ẹni tó bá ní àṣírí ni, kí o ṣáà wá, má bá a wọ agbo kankan.

Ohun tí èmi rí nìyí. Wọ́n á fi èéfín ewé gbígbẹ yí èèyàn lára ká kó tó wọlé. (Tó o bá ní ikọ́ fée, tètè sọ, omi iyọ̀ ni wọ́n á fi wọ́n ọ dípò èéfín.) Gbogbo yín á dúró yí ká. Ẹnì kan á rìn yí agbo náà po bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, láti fi pààlà sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọjú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: atẹ́gùn ni ti ìlà oòrùn, iná ni ti gúúsù, omi ni ti ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ni ti àríwá. Wọ́n á kí wọn káàbọ̀. Wọ́n á wá pe òrìṣà tí wọ́n fẹ́ pè. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ló kàn, ìyẹn lè jẹ́ orin, ìlù, tàbí kí oníkálukú sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Nígbà tí ara bá ti gbóná, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ kí ara lè tutù padà. Má fo èyí o! Èmi fò ó lẹ́ẹ̀kan, orí ń fò mí títí mo fi délé. Wọ́n á wá gbé búrẹ́dì àti ohun mímu yí ká, ẹni tó ń gbé e fún ọ á sọ pé kí ebi má pa ọ́, kí òùngbẹ má gbẹ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n pè, wọ́n á sì tú agbo ká.

Nípa jíjáde: agbo ní ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti pààlà sí i tán, má kàn dìde kí o máa lọ. Na ọwọ́ sókè, ẹnì kan á fi ọwọ́ ṣílẹ̀kùn fún ọ, ìwọ á jáde, òun á sì tì í padà. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìdí. Ìgbà kejì tí mo lọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi. Ilé ni wọ́n ti ń pè, mo sì já gba àárín wọn kọjá láì sọ nǹkan kan. Nígbà yẹn gan-an ni obìnrin kan ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Ọ̀rọ̀ náà gé mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí mo padà wá, wọn kò bá mi wí, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rí orúkọ ọmọ náà pè mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kàn jókòó tó di ọwọ́ mú. Ó ṣì ń dùn mí. Pa fóònù rẹ, kí o fi í sí inú ilé.

Ní ti bíbọ́ra, àwọn kan wà nínú ọmọ ẹ̀yìn Gardner tó ń ṣe é ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n ní gbogbo agbo tí wọ́n pe èmi àlejò sí, aṣọ wà lára gbogbo wa. Ìbúra wà fún ẹni tó ń wọ ẹgbẹ́. Àlejò kì í búra.

Bàbá Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, alàgbà ìjọ ni mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ: èmi kò ní wọ agbo yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bi wá kọ́ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba àlejò àti ẹni tó bá àlejò bọ ohun tó ń bọ. O lè tẹ́ ẹní, o lè se oúnjẹ, o lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Bí o bá wọ inú rẹ̀, máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí o tó dáhùn. Ẹni tó bá ṣe "Àmín" sí àdúrà ti gbà á. Nínú Yorùbá, "àṣẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, má jẹ́ kí ó jáde lẹ́nu rẹ sí ohun tí o kò gbọ́ yé.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Tísà, ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ sílẹ̀ fún ọ ṣáájú ọjọ́ náà. Èyí tí ọkàn rẹ bá gbà ni kí o bá wọn sọ, tó bá di èyí tí kò gbà, dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ nínú agbo kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Alhaja Òtùn

Ọmọ mi, àna mi jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, mo sì ti lọ síbi ìgbéyàwó wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń dìde nígbà tí wọ́n bá dìde, àdúà tèmi ni mò ń ṣe nínú ọkàn mi. Tètè sọ fún wọn nípa ohun mímu. Àwọn òyìnbó á gbé wáìnì jáde, ojú á sì tì ọ́ láti kọ̀ ọ́ nígbà tí ife bá ti dé ọwọ́ rẹ. Se zobo sílẹ̀, kó jẹ́ òun ni wọ́n á gbé yí ká.

Ọmọ Onígèdè

Àǹtí Tísà, ẹ kú àlejò o. Ọ̀rọ̀ Ìgèdè tí ẹ dá ni mo fẹ́ fèsì sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ìyá tó bí ìyá mi sì wà lára àwọn tó ń sin Ọ̀ṣun níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ bá ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ wa ní Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń sun. Láti ibẹ̀ ló ti gba Òṣogbo àti Ẹdẹ kọjá kó tó lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kì. Inú mi dùn pé ìyàwó yín mọ̀ ọ́n, torí àwọn ọmọ Èkìtì mìíràn gan-an kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ohun kan fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀, nínú agbo tiwọn wọ́n á pe òrìṣà wá, wọ́n á sì dágbére fún un tó bá yá. Ilé wọn ni, àwọn ló ń gbàlejò. Ní Ìgèdè kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣun ti wà níbẹ̀ kó tó di pé ẹ dé. Ilé rẹ̀ lẹ wọ̀, ẹ̀yin ni àlejò. A kì í pe onílé jáde nínú ilé rẹ̀ ká tún wá sọ fún un pé ó dàbọ̀. Ẹ kí i, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá yín bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ má lọ lóru, ẹ má lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn àgbà tó ń tọ́jú ibẹ̀ ṣáájú, wọ́n á dá ọjọ́. Ẹ mú obì dání. Aṣọ funfun ló dára. Kò sí àbẹ́là lórí omi, kò sí ìgò, kò sí ọ̀rá, ẹ má sì jù ohunkóhun sínú rẹ̀ tí wọn kò ní kí ẹ jù. Ìyàwó yín lè fẹ́ bu omi díẹ̀ tàbí kó ṣa òkúta kan lọ sílé fún pẹpẹ rẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó béèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá ní kó má ya fọ́tò, kó má yà á.

Wọ́n lè da obì láti fi béèrè bóyá Ọ̀ṣun gbà á. Obì lè kọ̀ o. Èyí ló máa ń ṣòro fún àwọn àlejò láti òkèèrè, pàápàá ẹni tó ti náwó ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n òrìṣà tí kò lè kọ̀, kí ni ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ fún? Bí obì bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Kó má rò pé torí òyìnbó tó jẹ́ ni mo fi ń sọ èyí. Ẹ wo Susanne Wenger, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Graz, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ọwọ́ Ajagẹmọ, àgbà Ọlọ́bàtálá ní Ẹdẹ, ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó gbọ́ èdè, ó wọ ẹ̀sìn náà wọ̀ ọ́ délẹ̀. Òṣogbo ló kú sí ní 2009. Igbó Ọ̀ṣun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wa tún ṣe, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ó jókòó, wọ́n sì kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lé e.

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí àlejò yín má pe ara rẹ̀ ní "witch" níbí. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, orúkọ tí wọ́n fi ń yangàn ni. Níbí, àjẹ́ ni gbogbo èèyàn máa gbọ́. Abala 210 nínú Criminal Code Nàìjíríà sì sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́, tàbí tó pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, ti rú òfin, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Abala 38 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ láti sin ohun tó bá wù ú, ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba, òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lè ba ẹ̀tọ́ jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "ritual". Wọ́n á máa sọ ọ́ fàlàlà lórí fóònù, nínú ọkọ̀, ní ọjà Ọba. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ létí wa: ògùn owó, ẹni tí wọ́n jí gbé. Àlejò mẹ́ta, iná, ìlù, ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan lágbègbè bá pe Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ lọ bá alága àwọn onílé àdúgbò yín, ẹ sọ fún un pé àlejò ìdílé fẹ́ ṣe àdúrà ìkórè ní àgbàlá yín, láti aago báyìí sí aago báyìí. Òótọ́ sì ni, àdúrà ìkórè náà ni. Ẹ sọ fún ará ilé kejì pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó parí kí aago mẹ́jọ tó lù.

Tísà Adó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti jókòó tì í. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ojú ìwé méjì. Kò bínú rárá. Ọ̀rọ̀ Ìgèdè ló mú kó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Nítorí náà, èmi ni mò ń lọ kí i." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku nǹkan mẹ́ta. Ọ̀kan: nǹkan oṣù mi lè bọ́ sí ọjọ́ yẹn. Èkejì: wọ́n fẹ́ lo iṣu tuntun, ṣùgbọ́n olóyè ni bàbá mi nílùú wọn, kò tíì jẹ iṣu tuntun, iṣu náà kò sì gbọdọ̀ wọ ilé wa kí ọdún iṣu tó kọjá. Ẹ̀kẹta: ó ní àwọn ń yí agbo bí oòrùn ṣe ń yí. Mo jáde lọ́sàn-án lánàá láti wo oòrùn, ó dà bíi pé kò bá ohun tó sọ mu.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò

Ojú rẹ ríran dáadáa. Lọ́dọ̀ wọn, oòrùn kì í dé àtàrí láéláé, apá gúúsù ló máa ń gbà kọjá ní gbogbo ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi iná sí gúúsù, tí ìrìn oòrùn fi bá ọwọ́ aago mu. Níbí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán wà ní àríwá orí wa. Bí o bá kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló ti ń yọ, ọwọ́ òsì ló ń wọ̀ sí. Àwọn agbo tó wà ní Australia máa ń yí i padà nítorí èyí. Sọ fún un, yóò dùn mọ́ ọn nínú. Òun ni yóò pinnu èyí tí wọ́n máa ṣe.

Ní ti nǹkan oṣù, kò sí èèwọ̀ rẹ̀ nínú agbo òrìṣà obìnrin tiwọn, àwọn kan tilẹ̀ ń bọlá fún un.

Ọmọ Onígèdè

Ní ojúbọ tiwa, ó yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ibẹ̀. Àǹtí, tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìgèdè, ẹ pè mí, a ó sún un síwájú. Kí ẹ bi àwọn tó kù náà léèrè, ẹ má jẹ́ kó dójú ẹ̀.

Ẹ má gbé iṣu tuntun wọlé o. Àgbàdo tútù ti dé ọjà, òun náà ni oúnjẹ àkọ́so lóko wa ní àsìkò yìí. Ọdún ọkà sì ni tiwọn. Àgbàdo ló bá a mu.

Tísà Adó

Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ nìyí. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe lọ.

Mo sọ fún màmá mi lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun kò ní wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fi àlejò òun sílẹ̀ nìkan. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ìwé orin rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Alága àdúgbò wá kí wa ní aago márùn-ún, ó mu zobo, ó lọ.

Àwa márùn-ún la dúró: àwọn mẹ́ta, èmi, àti ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin. Òjò ń wín díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn pa àbẹ́là àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ọmọ àbúrò bàbá mi wá sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé agolo mílíìkì mẹ́rin jáde, ó da iyanrìn sí ìdí wọn, ó gbin àbẹ́là sí i. Kò kú mọ́. Ìyàwó wa fi ọwọ́ òsì yí agbo náà, ó ní bí oòrùn Èkìtì ṣe ń rìn nìyẹn. Àárín wa ni búrẹ́dì àti igbá àgbàdo sísè wà, ooru ń yọ lára rẹ̀.

Wọ́n ní kí n kí ìlà oòrùn lédè tèmi. Mo ti rò ó dáadáa, mo sì ti pinnu pé ìkíni ni màá kí, n kò ní júbà. Mo ní: "Ìlà oòrùn, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ bá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Nígbà tí wọ́n pe òrìṣà wọn, mo dákẹ́, mo fi ọwọ́ sí àyà. Kò sẹ́ni tó wò mí lọ́nà òdì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ẹnu ọ̀nà ṣí fún òun, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ púpọ̀. Ó jáde, ó fi ìpara pa ẹsẹ̀, ó padà wọlé. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Ó wá kan ọpẹ́. Oníkálukú á mú àgbàdo kan, á yẹ ẹyọ kan kúrò lára rẹ̀ sínú abọ́, á sì sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Nígbà tó kan ìyàwó wa, ó yọ bébà kékeré kan nínú àpò, ó sì fi Yorùbá kà á. Ẹnu rẹ̀ ń wúwo, àmì ohùn ń ṣì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ yé wa: "Mo dúpẹ́ fún ìyá ọkọ mi. Ẹ gbà mí. Ẹ kò bi mí pé ta ni mí." Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ẹyọ àgbàdo náà bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a nínú koríko. Ibi tó ti ń wá a la ti gbọ́ ohùn màmá mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Àmín."

A fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ tán. A jẹ búrẹ́dì, a jẹ àgbàdo. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Bàbá Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọpẹ́ ni ìyá rẹ ṣe Àmín sí. Èmi náà ìbá ṣe é. Bá mi kí ìyàwó yín.

Alhaja Òtùn

Kí Ọlọ́run dá gbogbo wọn padà sílé ní àlàáfíà. Kí lẹ ṣe pẹ̀lú oúnjẹ tó ṣẹ́ kù?

Tísà Adó

Amin, mà. Àwọn ọmọ ilé kejì jẹ àgbàdo. Ẹ̀rún búrẹ́dì àti ẹyọ àgbàdo inú abọ́, ìyàwó wa gbé wọn sí ìdí igi ọsàn. Nígbà tí mo máa jí láàárọ̀, adìyẹ ti jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ Onígèdè, ìgbà wo ni ká máa bọ̀?

Ọmọ Onígèdè

Àwọn àgbà ti gbọ́. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, láàárọ̀. Ẹ kúrò ní Adó kí aago méje tó lù, màá dúró dè yín lójú títì. Obì aláwẹ́ mẹ́rin ni kí ẹ rà, kó má ṣe èyí tó ní ihò, kí ẹ sì mú aṣọ mìíràn dání, torí a ó kúnlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rin ṣìnkìn ní àsìkò òjò yìí.